Omi Tí A Fi Nu Awò Ilé Ìṣọ́

                                        Ilé Ìṣọ́ Kẹta,
                                        Orí Òkè.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi, ìkejì mi ọ̀wọ́n,

Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn, àbí ìsàlẹ̀ ilé náà lo ṣì ń sùn? Ọmọ rẹ obìnrin tó o lọ bá ńkọ́, àti ọkọ rẹ̀, àti ìyẹn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín tó ń gé gbogbo èèyàn jẹ? Mo kí gbogbo yín. Èmi náà wà, ara mi le, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà rẹ méjèèjì fi wà lórí tábìlì tí n kò fèsì. Má bínú.

Ọ̀rọ̀ awò wa ni mo fẹ́ bá ọ sọ, awò olójú méjì tí a fi ń wo igbó láti orí ilé ìṣọ́, bóyá èéfín ń rú níbì kan. O rántí kẹ́ẹ̀gì omi aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń nu fèrèsé ọ́fíìsì? Ṣáájú rẹ̀, èémí ẹnu àti etí aṣọ la fi ń nu awò. Ọjọ́ tí o bu omi náà sínú ìgò kékeré tó o gbé e gòkè wá, ńṣe ni a ń yọ̀ bí ẹni tó rí oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ó ń ta wá nímú, ó ń fa omijé lójú wa, a ní bó ṣe lágbára tó nìyẹn.

Kò pẹ́ tí o fẹ̀yìn tì tí ojú awò náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Tí oòrùn bá ti kọjú sí i, á dà bíi pé èèyàn fi omi ìrẹsì ra á lára. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ, ìyẹn ọkùnrin tó wa ọkọ̀ ọ́fíìsì títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Èmi àti ẹ̀ wá ń da omi sáṣọ, à ń nù ún, à ń ha á. Bí a ṣe ń nù ún tó ló ń burú tó. Àfọwọ́fà ni, a ò mọ̀.

Láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pe àwọn panápaná sí èéfín tí kò sí. Wọ́n wọ inú igbó, wọ́n jáde, wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà kejì, ọ̀gá wọn pè mí. Kò pariwo, ó kàn sọ fún mi pé ó ti rẹ àwọn èèyàn òun, kí n máa wò ó dáadáa kí n tó gbé fóònù. Ìbá sàn kó bú mi. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo rí funfun kan nísàlẹ̀, lápá ibi tí Ìyá Olóyin ń gbé, obìnrin àgbà kan tó ń sin oyin nítòsí odò. Mo ní awò ni. Mo nù ún. Mo tún wò, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo tún nù ún. Mo mu omi, mo jókòó, mo ní kí n má tún sọ ara mi di ẹni yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí ló ń sá fún ekòló. Èmi, ńṣe ni mo rí ejò gan-an tí mo pè é ní ekòló. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí Dẹ́rẹ́bà tó gòkè wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò tíì fọwọ́ kan awò tó fi ní, "Ṣé ìwọ ò gbóòórùn iná ni?" Imú rẹ̀ ló fi mọ ohun tí mo ti fi ojú rí.

Ẹnikẹ́ni ò kú. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi láràárọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́ta àpótí oyin, mẹ́jọ ló kù, ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Olóyin sì jó níbi tí wọ́n ti ń wọ́ àpótí kúrò nínú iná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá wa ní kí n gbé awò lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kámẹ́rà àti awò ojú ṣe nígboro, kí n sì bá gbogbo ilé ìṣọ́ yan omi tí a ó máa lò. Ọkùnrin náà gbé awò wa sábẹ́ iná, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó mí kanlẹ̀. Ó fi hàn mí pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń wà lójú dígí, òun ló máa ń kọ àwọ̀ bí elésè-àlùkò. Tiwa ti bó síbi síbi bí ọ̀dà ara ògiri tó ti gbó. Ó ní amóníà, kẹ́míkà tó ń ta imú nínú omi fèrèsé, ló jẹ ẹ́, híha tí à ń ha á ló sì parí rẹ̀. Mo bi í bóyá omi kan wà tó lè dá a padà. Ó ní kò sí.

Ìgò mẹ́ta ni mo ti rà kiri ìgboro kí n tó débẹ̀, nítorí oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ń búra fún tirẹ̀. Ó ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń gbóòórùn wọn bí ẹni tó ń yẹ ọbẹ̀ àná wò. Amóníà tún wà nínú ti àkọ́kọ́. Sípírítì inú èkejì le jù, ó ní yóò wọ inú gọ́ọ̀mù tó di dígí mú. Ẹ̀kẹta ń ta sánsán bíi lọ́fínńdà. Ó kán an sórí ògbólógbòó dígí kan, nígbà tó gbẹ, ó fi ìlà ọ̀rá sílẹ̀. Ó wá mú ìgò kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kò lóòórùn, kò láwọ̀, dígí tó ní awọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ó ní kí n kọ́kọ́ fẹ́ eruku dànù, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá èyí tó kù, kí n kán omi náà sí aṣọ ìnu-awò, kì í ṣe sójú dígí, kí n sì rọra nù ún láti àárín lọ sétí. Mo ní omi yìí ò mà jọ ohun tó lágbára.

Ó ní, "Màmá, kì í ṣe agbára la fi ń yàn án. Èyí tó bá fi dígí sílẹ̀ bó ṣe bá a la máa ń mú."

Mo ra ìgò náà, mo sì kọ orúkọ omi inú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ilé ìṣọ́.

Ọ̀gá wa fẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ẹni tó ń tọ́jú ilé ẹrù ọ́fíìsì, níbi tí kẹ́ẹ̀gì omi náà ti wá, ló lẹ̀bi. Mi ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé mo rí èéfín, mo sì dákẹ́. Orúkọ rẹ ò sí níbẹ̀. Má sì jẹ́ kó máa jẹ ọ́ lọ́kàn pé ìwọ lo gbé omi náà wá; a jọ lò ó ni. Mo kàn fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún ọ. Tó o bá sì ń fi irú omi yẹn nu awò ojú rẹ, jọ̀ọ́, dà á nù.

Ní Sátidé tó lọ lọ́hùn-ún, mo lọ kí Ìyá Olóyin. Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ lọ. Mo bá wọn nídìí àpótí mẹ́jọ náà, báńdéèjì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo wà lókè lọ́jọ́ náà. Mo ní èmi ni.

"O rí i?"

"Mo rí i, Mà. Mo rò pé awò ni."

Oyin ń kùn. Wọ́n na àwọ̀n ìbòjú wọn sí mi, wọ́n ní ọwọ́ kan ò lè so ó lẹ́yìn ọrùn. Mo so ó. Wọ́n ní ó ti fún jù, mo tú u, mo tún un so. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn àpótí náà wò tán, wọ́n kẹ̀yìn sí mi kí n tú u. Ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì kọ sí mi tí wọ́n fi ní, "Ọjọ́rú ni mo tún máa yẹ̀ wọ́n wò. Má pẹ́ dé."

Mo lọ ní Ọjọ́rú náà. Lánàá tó tún jẹ́ Ọjọ́rú, mo tún lọ.

Bá mi kí ọmọ rẹ àti ọkọ rẹ̀, kí o sì bá mi fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ eléyín tuntun yẹn. Dẹ́rẹ́bà ní kí n kí ọ, ó ní àga rẹ le ju ti ọkọ̀ lọ.

Tìrẹ ni mí, bó rẹ̀ mí, bí kò rẹ̀ mí,

Abẹ́rẹ́.