Ó Ku Ọjọ́ Mẹ́tàlá

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ẹni tí mo pọ̀n nígbà tí ó yẹ kí wọ́n ṣì máa pọn èmi náà,

Mo kí ọ bí ìyá ṣe ń kí ọmọ tí kò sí nítòsí: ṣé ara le, ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun, ṣé ẹni tó ń gbé yàrá kejì ò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ibi tí o bá gbẹ́sẹ̀ lé, ilẹ̀ ò ní yọ̀ ọ́. Ohun tí o bá fọwọ́ mú, kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó máa rí ọ fín, ojú rẹ̀ á máa wo ibòmíràn. Àwa náà wà dáadáa níbí, bí a bá yọ àwọn tí kò wà dáadáa kúrò. Bàbá rẹ ṣì wà lókè odò níbi iṣẹ́ igi, ó di ìparí oṣù kó tó dé. Àbúrò rẹ ti hu eyín méjì, ara mi ló sì ti ń fi wọ́n ṣiṣẹ́. Fóònù mi ló kọ́kọ́ fi dán wọn wò, lẹ́yìn náà ló jù ú sínú omi ìfọṣọ. Wọ́n ní kí n gbé e sínú ìrẹsì fún ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé e síbẹ̀, kò jí. Mo ti se ìrẹsì náà, kò sóhun tó ṣe wá.

Ìdí nìyí tí o fi rí lẹ́tà. Awakọ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ wa wá sọ́dọ̀ yín ló ní òun á fi lé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ yín lọ́wọ́. Mo ní kí ẹ̀ṣọ́ náà má fi lé ọ lọ́wọ́ nígbà tí o bá ń wo fóònù, kí o má baà fi nu ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú ìyá mi ni. O rántí pé kí fóònù mi tó rì, mo kọ̀wé sí ọ pé nọ́ọ̀sì ti fún wa ní ọjọ́ tí wọ́n máa fi iṣẹ́ abẹ ṣí ojú náà fún wọn, pé ọjọ́ Ẹtì ni, pé àgbàlagbà kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ wá tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù, kó sì sùn tì wọ́n fún ọjọ́ méjì. Wọn ò ní jẹ́ kí èmi wọlé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. O dá mi lóhùn pẹ̀lú àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Inú mi dùn. Mo sáré lọ sọ fún Màmá pé ọmọ yín ti tẹ̀ka, wọ́n ní ẹ ò rí ayé, láti ìlú ńlá ni ó ti tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì, mo ní kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù náà. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wò mí, ó ní ìka kì í dá rìn, kí ìka náà mú ẹni tó ni ín wá.

Kò pé ọjọ́ méjì sí ìgbà náà ni Onímáṣìn ránṣẹ́ pè mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. O mọ̀ ọ́n, òun ló rán aṣọ tí o wọ̀ jáde ní ilé ìwé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ó ní ọmọ mi wà nínú fóònù òun. Mo wò ó, ìwọ ni lóòótọ́, irùngbọ̀n rẹ mẹ́ta wà níbẹ̀, korobá yẹ́lò wà lẹ́yìn rẹ. O ní, ẹ̀yin èèyàn mi, ó ku ọgbọ̀n ọjọ́. Mo ka kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri Onímáṣìn lẹ́ẹ̀mejì, ọgbọ̀n ọjọ́ géérégé ló kù sí ọjọ́ ojú Màmá. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, ẹ wo ọmọ tí mo ń sọ pé kì í gbọ́ràn, ó ti gbé ọ̀rọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ síwájú ayé, ó sì ń ka ọjọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti ń di apá mi mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù lárààárọ̀, tí wọ́n ń jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìlọṣọ. O máa ní ó ku méjìdínlọ́gbọ̀n, o máa ní ó ku mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Onímáṣìn á pa á níbẹ̀ torí dátà, Màmá á dìde, inú wọn á máa dùn lọ sílé. Wọ́n ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó má tú aṣọ ojú àwọn tí ìwọ ò bá tíì jókòó síwájú àwọn. Wọ́n ní ojú rẹ làwọn fẹ́ fi ṣí ojú tuntun, pé ọdún mẹ́rin rèé tó jẹ́ ohùn rẹ nìkan làwọn ń rí.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ Onímáṣìn dí lára síìpù, kò ráyè pa á, fídíò náà bá ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ọkùnrin kan, Akọni Ẹ̀fúùfù. O ní ó máa kú. O ní ó dá ọ lójú, pé àmì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lọ́wọ́ rẹ. O mọ bàtà tó wọ̀ lọ́dún tó kọjá, o mọ ìka tí òrùka rẹ̀ wà, o mọ ohun tó bá àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo rò pé onílé rẹ ni. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi gbàdúrà fún un pé kó má kú, torí mi ò mọ ẹni tó máa gba ilé náà àti iye tó máa sọ owó ilé dà.

Onímáṣìn ló là mí lójú. Ó ní fíìmù ni, pé ọkùnrin náà ń wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì ń fò, pé ó ti jáde lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ló ń bọ̀. Mo ní ṣé ìwọ Onímáṣìn ti rí ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún náà. Ó ní rárá. Mo ní ta ló ti rí i. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Mo ní kí wá lẹ ń jà lé lórí, ó ní ohun tó máa wà nínú rẹ̀ ni. Mo jókòó. Ọmọ mi, mo parí ìwé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Ọkùnrin kan wà ní ìlú mìíràn tó ní Akọni Ẹ̀fúùfù ò ní kú, ìwọ sì fi odidi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún bú u. Ó ku ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ lọ jókòó kẹ́ ẹ sì fojú ara yín rí i, ẹ ò lè dúró. Ẹni tó bá rí ìkòkò lórí iná, ó yẹ kó lè dúró dè é kó hó.

Ọjọ́ fíìmù náà ni ò ń kà. Ọjọ́ Ẹtì kan náà ni. Kì í ṣe ojú Màmá.

Mi ò tíì sọ fún wọn. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, àfi bí o ṣe pariwo nínú fídíò pé ẹ̀yin afọ́jú wọ̀nyí, ṣé ẹ ò rí òrùka tó wà níka rẹ̀ ni. Màmá rẹ́rìn-ín lórí àpótí wọn. Wọ́n ní ẹ gbọ́, ó ń kí mi.

Mo wá ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ níbi tí o wà. Onímáṣìn ní tí mo bá tẹ agogo tó wà lábẹ́ rẹ, n ó máa gbọ́ nígbàkígbà tí o bá dé. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró, o ò jáde. Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ń kọ ọ́ sí. Mo fi fóònù rẹ̀ kọ ọ́ báyìí: Ọmọ mi, mo ń retí rẹ. Ọjọ́ náà ti ń sún mọ́. Má jẹ́ kí ojú tì mí. Ìyá rẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, igba àtàǹpàkò ó lé ti wà lábẹ́ rẹ̀, mo rò pé gbogbo wọn ló fẹ́ wá tẹ fọ́ọ̀mù fún wa.

Ọjọ́ kejì ni o jáde pẹ̀lú fídíò tuntun. O ní àmì kejìlélọ́gbọ̀n ti dé. O ní ẹnìkan tó fi àwòrán máṣìn ìránṣọ bojú ti kọ̀wé sí ọ, pé ó ní láti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe fíìmù náà, tó ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́. O ní ìyá Akọni Ẹ̀fúùfù tí odò gbé lọ nínú ẹlẹ́ẹ̀kejì ò kú, pé òun ló ń bọ̀. O ka ọ̀rọ̀ mi síta lẹ́ẹ̀mẹta. O ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ náà, má jẹ́ kí ojú tì mí, pé ojú yẹn ní ìtumọ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni o fi wá ìtumọ̀ rẹ̀. O débi tí wọ́n ń pè ní ìràwọ̀ kẹta, o ò débí.

Onímáṣìn rẹ́rìn-ín títí tó fi fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó mọ ìyá ẹni tí kò sí láyé, tí kò mọ ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá tó bí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

A ti wá ń wo ìwọ náà bí o ṣe ń wò wọ́n. À ń dá ọ dúró, à ń fà ọ́ sẹ́yìn. A ti rí i pé egungun ọrùn rẹ ti yọ, pé ṣẹ́ẹ̀tì kan náà lo wọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, pé ìwé iṣẹ́ iná mànàmáná tí a tìtorí ẹ̀ ta ewúrẹ́ méjì ni o gbé korobá yẹ́lò lé lórí. Onímáṣìn ní gbogbo àmì fi hàn pé o ò ní wá. Ó ní kí èmi náà mú àmì tèmi wá. Ẹyọ kan ni mo ní: ìró mi aláwọ̀ aró tí mo fi di ẹrù rẹ lọ́jọ́ tí o ń lọ, òun ni o ta sójú fèrèsé lẹ́yìn rẹ. Bí àmì yìí bá já, mi ò ní òmíràn.

Fíìmù náà ò ní sá lọ. Bí ọkùnrin yẹn bá kú lọ́jọ́ Ẹtì, òkú náà ni yóò ṣì jẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ojú Màmá, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa tú aṣọ rẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún dátà Onímáṣìn, ó ní òun ò lè máa ra ọmọ ọlọ́mọ wò lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ pé o máa wá, má fi ránṣẹ́ mọ́, fi wọ ọkọ̀. Bí owó náà bá dé ọ̀dọ̀ Onímáṣìn, a ti mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Kí ọ̀nà má gùn jù fún ọ. Kí ọkọ̀ tí o máa wọ̀ má bàjẹ́. Kí ọmọ tìrẹ náà máa mọ ohùn rẹ láàárín ọ̀pọ̀ èrò.

Láàárọ̀ yìí òjò rọ̀, a ò lè dé ṣọ́ọ̀bù. Màmá bi mí pé ó ku mélòó. Mo ní mẹ́tàlá. Wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ náà lo wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà lo wí.

Èmi ni ìyá rẹ, èyí tí odò ò gbé lọ.