Táyà Tí Wọ́n Fi Hàn Wá Kọ́ Ni Wọ́n Tà Fún Wa

                                        Yàrá Ìyẹ̀wò Táyà,
                                        Ẹ̀yìn Pápá Eré-ìje Ọkọ̀.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti yéé jà lórí bẹ́ẹ̀dì? Orúnkún ìyá wa ńkọ́? Bàbá Ìbejì náà ńkọ́? Ara tèmi le, àmọ́ ohun tí ojú mi rí níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí kó mi nírìíra, mi ò sì lè dá a gbé mì.

O mọ̀ pé mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan ilé-iṣẹ́ táyà. Ọ̀kan ṣoṣo là ń mú, tiwọn sì ni gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ lò, kí ẹnikẹ́ni má baà fi táyà rẹ́ ẹlòmíì jẹ. Kí a tó yàn wọ́n, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń wọ sítọ̀ wọn, á fọwọ́ ara rẹ̀ fa èyí tó bá wù ú yọ nínú òkìtì, òun la ó fi dán wọn wò. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ kan fúnra wọn gbé tiwọn wá, wọ́n ti dè é mọ́ rìmù, wọ́n ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Mo ní rárá o, ọlọ́jà kì í bá oníbàárà yan èyí tó máa tọ́ wò. Alága wa rẹ́rìn-ín, ó ní ìfura mi ti pọ̀ jù. Èmi nìkan ni mo kọ̀. Táyà ọ̀hún sáré bí ẹni máa fò, ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún wọn.

Àwọn tí wọ́n wá kó fún wa lẹ́yìn náà àti èyí tí wọ́n fi hàn wá, kì í ṣe bàbá kan náà ló bí wọn! Lánàá, Asáré-tete àbúrò rẹ gbé ọkọ̀ jáde láti fi dánra wò. Kọ́nà kejì ló dé tí táyà ẹ̀yìn bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkọ̀ pòòyì, ó fẹ̀gbẹ́ gbá ògiri. Má jẹ́ kí àyà rẹ já o, ètè rẹ̀ nìkan ló bẹ́.

Kí ni ìgbìmọ̀ wí? Wọ́n ní atẹ́gùn tó wà nínú táyà ló kéré, pé ẹ̀bi Asáré-tete ni. Irọ́ gbuu! Èmi ni mo wọn atẹ́gùn yẹn, ó sì pé. Wọ́n tún sáré ṣòfin pé awakọ̀ tó bá sọ̀rọ̀ táyà náà láìdáa níta kò ní bá wọn díje mọ́ lọ́dún yìí. Ìdí nìyẹn tí àbúrò rẹ kò fi sọ fún ọ. Wọ́n ní kí èmi náà fọwọ́ sí i pé òun ló jẹ̀bi. Mo kọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́.

Mo bẹ Asáré-tete kó má díje lọ́jọ́ Sátidé. Kò gbọ́. Ó ní wọ́n á pe òun ní ojo. Ìwọ lo tọ́ ọ dàgbà, ìwọ ló lè dá a dúró. Bó bá ń jiyàn, sọ fún un pé ọmọ alága wa, tí òun náà jẹ́ awakọ̀ eré-ìje, ti yọ orúkọ tiẹ̀ kúrò nínú ìdíje náà. Bàbá rẹ̀ ní ibà dá a dùbúlẹ̀. Mo rí ọmọ náà láàárọ̀ yìí, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn sítọ̀ wa.

Bá mi kí ìyá wa àti Bàbá Ìbejì. Fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

                                        Tìrẹ ni mí láìyẹsẹ̀,
                                        Ìyá Onítáyà.