Ìdajì Àwòrán Ìyá Mi

                                        Ilé Ẹnjiníà Salaudeen,
                                        Àdúgbò Hindawiyyah,
                                        Jeddah,
                                        Saudi Arabia.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, 1999.

Hùmúàní, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ìyá rẹ ńkọ́? Bí mo ṣe kọ ìyẹn tán ni ọwọ́ mi dúró, torí mo mọ̀ pé o ò ní lè béèrè tèmi padà mọ́.

Má wo ìkọ̀wé mi o. Ìwé mẹ́fà náà ni mo kà, ìwọ náà mọ̀. Ọkọ mi ń tọ́jú mi dáadáa. Ojú ṣì ń tì mí láti jẹun níwájú wọn, wọ́n a sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Àlejò, ilé rẹ nìyí o!”

Fọ́tò yẹn ló mú mi kọ̀wé. O rántí ọjọ́ tí mo kúrò ní Ìwó, tí mo ti wọ mọ́tò tán, tí Abdulateef, àbúrò ọkọ mi tó wá láti Amẹ́ríkà, ní òun fẹ́ ya Ìyá mi. O mọ̀ wọ́n, wọn kì í ya fọ́tò. Wọ́n ní ojú àwọn kì í ṣe ọjà tí à ń kiri. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n gbà, ìwọ ni wọ́n sì di ọwọ́ rẹ mú. Kò sí òmíràn láyé.

Nígbà tí wọ́n kú lóṣù Kẹjọ, ìkámà mi, ìwé ìgbélùú, kò tíì jáde, mi ò lè wálé. Ọkọ mi gbé mi lọ sí Mẹ́kà kí n ṣe úmúrà fún wọn. Mo gbé ọwọ́ sókè níwájú Káábà, mo fẹ́ fi ọkàn rí wọn, Hùmúàní, ojú wọn ò wá. Mò ń gbọ́ ohùn wọn, ṣùgbọ́n ojú ò wá. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé bí èèyàn ṣe ń gbàgbé ìyá ẹ̀ nìyẹn? Mo sunkún títí ìyá àgbà kan tí mi ò mọ̀ rí fi bu omi sámúsámù fún mi.

Abdulateef ti fún wa ní ìwé oníná kan nígbà ìgbéyàwó. Kò tóbi ju Kùránì lọ, ojú rẹ̀ dà bíi díńgí. O máa tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, ojú ìwé mìíràn á ṣí. Okùn ni wọ́n fi ń fa ìwé sínú ẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, Abdulateef kọ ìwé kékeré kan nípa Ìyá mi, ó ní òun fi fọ́tò yẹn sí i, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àdúà yọ, orúkọ àwọn ọmọ yọ. Ibi tí fọ́tò yẹ kó wà, àpótí òfìfo ló wà níbẹ̀. Ó ṣe mí bíi sàréè tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀.

Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀. Wọ́n gbé e síná kó yó. Wọ́n mú ojú rẹ̀ dúdú, wọ́n mú un funfun. Wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. Wọ́n yọ okùn, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀, wọ́n tún ìwé náà fà látìbẹ̀rẹ̀. Òfìfo náà ni.

La bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ará Yẹ́mẹ̀nì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Baghdadiyyah. Ọkọ mi ṣàlàyé pé ìyá ìyàwó òun ló kú, pé inú ìwé yìí la ti fẹ́ rí wọn. Ọkùnrin náà kọjú sí mi, ó ní, “Féénì súrà?” Súrà lèmi gbọ́. Mo rò pé súrà tí à ń kà fún òkú ló ń bi mí. Ojú tì mí, àmọ́ mi ò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Ìyá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ Yáàsín, mò ń kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìbòjú. Ọkùnrin náà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó tẹ orí ba, kò dá mi dúró. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni ọkọ mi rọra sọ pé, “Mastura, àwòrán ni wọ́n ń pè ní súrà níbí. Ó ń bi ọ́ níbi tí àwòrán wà ni.”

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Máa rín in lọ. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò, kí wọ́n tó rí ojú mi.

Ọkùnrin náà wò ó títí, ó ní, “Súrà máfí.” Àwòrán kò sí. Ó ní kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ nìkan ló dé, ó kàn ń nawọ́ sí ibi tí àwòrán wà. Àwòrán fúnra rẹ̀ jókòó sínú kọ̀ǹpútà Abdulateef l’Amẹ́ríkà.

Ni ọkọ mi bá fóònù pé kó fi àwòrán gan-an ránṣẹ́. Wáyà fóònù ilé wa ò dáa: kọ̀ǹpútà á ké bí ẹyẹ, á gbà díẹ̀, á já. Lọ́sàn-án Jímọ̀ tó kọjá, ó dúró. Wọ́n so okùn mọ́ ìwé náà, wọ́n pè mí, “Máa bọ̀ kíá!” Àwòrán náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè díẹ̀díẹ̀. Gèlè wọn tó máa ń wọ́ sápá kan ló kọ́kọ́ yọ, ìborùn rẹ náà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Iwájú orí yọ. Ojú wọn méjèèjì yọ. Mo pariwo, “Ìyá mi!” Ibẹ̀ ló dúró sí. Láti imú dé ẹsẹ̀ dà bí eérú. Àwa méjèèjì jókòó tì í, bóyá yóò tún sọ̀. Kò sọ̀.

A tún un fà títí, abẹ́ ojú náà ló ń dúró sí. Abdulateef wá sọ pé kì í ṣe ẹjọ́ wáyà mọ́: díìsì tí òun tọ́jú rẹ̀ sí ló bàjẹ́, fọ́tò onípépà sì sọnù nígbà tí òun kó kúrò nílé àtijọ́. Ó sunkún lórí fóònù.

Ọkọ mi ní ojú lọ̀rọ̀ wà, kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́, tí mo bá kírun báyìí, mò ń rí wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá mi, ẹnu lọ̀rọ̀ tiwọn wà. Tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ojú wọn á kéré. Tí wọ́n bá fẹ́ sunkún, bákan náà ni. Ojú wọn kéré nínú àwòrán yìí, mi ò sì mọ èwo ni. Èmi ò bojú wẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn, ojú ẹkún mi ń tì mí níwájú àwọn àna mi.

Ọ̀rẹ́ mi, tí Ọlọ́run bá fún mi lọ́mọbìnrin, mo fẹ́ mọ ohun tí màá máa wá lẹ́nu ẹ̀.

Bá mi kí Bàbá, kí o fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Fi èsì rán Àlàájà yòówù tó bá ń bọ̀. Má sọ èyí tó máa tù mí nínú, sọ bó ṣe rí. Ìwọ lo dúró tì wọ́n. Nígbà tí mọ́tò wa ṣí, kí ni ẹnu wọn ń ṣe?

                                        Èmi ni tìrẹ tó ń wọ̀nà,
                                        Mastura.