Òòyà Ìyá Rẹ Ti Jáde Nínú Àpótí

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara gbogbo yín le? Ṣé iṣẹ́ irun dídì kì í mú ẹ̀yìn dùn ọ́ jù? Tiwa le níhìn-ín. Orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jiyàn tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, èmi náà kì í sì í gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò rẹ. Ó jẹ mọ́ àwọn òòyà ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà tí mo ní o máa jogún. O mọ̀ wọ́n: àwọn tí wọ́n fi ike ayé àtijọ́ tó ń jẹ́ sẹ́lúlọ́ìdì ṣe, tí wọ́n pa láró títí wọ́n fi jọ igbá ẹ̀yìn ìjàpá, tí wọ́n sì gbẹ́ ewé àti òdòdó sí lórí fínnífínní. Èyí tó ní ẹyẹ méjì lórí ni ìyá rẹ fi sí irun lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Á ní, "Ẹ jẹ́ n fi jáde lónìí nìkan." Èmi á ní rárá, ó máa kán. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ọ̀rá, mo tò wọ́n sínú àpótí onírin, mo sì tì í pinpin. Mo rò pé mò ń ṣọ́ wọn ni.

Ní oṣù tó kọjá, mo ṣí àpótí náà kí n lè nù wọ́n. Òórùn tó jáde mú mi sín, bí káńfọ̀ tí wọ́n da ọtí kíkan lé lórí. Òòyà tó wà nísàlẹ̀ ti ń làágùn, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí oje igi. Àwọn tó sún mọ́ ọn ti sán, eyín wọn ń já bọ́ sọ́wọ́ mi. Márùn-ún ló lọ. Ẹlẹ́yẹ méjì nìkan ló yè, torí pé òun ló wà lókè pátápátá, ọ̀rá rẹ̀ sì ti ya. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò lè pe ìyá rẹ.

Mo gbé àpótí náà lọ fún obìnrin tó ń ta ohun àtijọ́ ní òpópónà ẹ̀yìn wa. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, "Bàbá, irú ike yìí máa ń mí. Tí ẹ bá sé e mọ́, èémí ara rẹ̀ ló máa pa á. Tí ọ̀kan bá sì ti ń ṣàìsàn, á kó o ran àwọn tó kù." Ojú tì mí, èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Òòyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó, ní gbogbo ogójì ọdún tí mo fi ń tún òòyà ṣe, kò sí èyí tó lo ọ̀sẹ̀ méjì rí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo máa ń lẹ eyín rẹ̀, mo máa ń fi sáńpépà dán an, ẹni tó ni ín á sì wá gbé e. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Mo rò pé yóò bínú, àmọ́ ó kàn yí ẹ̀yìn orí sí mi ni. Èmi fúnra mi ni mo fi òòyà náà sí i nírun. Láti ìgbà náà, ó ń fi lọ ra ọṣẹ, ó ń fi lọ sí ilé ìfowópamọ́, ó ń fi ká aṣọ lórí okùn. Ìdí iná nìkan ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi dé, torí iná kì í pẹ́ ran ike yìí. Inú mi ń dùn tí mo bá ń wò ó láti ẹ̀yìn. Ó dùn mí pé mo ti fi ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ du àwa méjèèjì.

Ọmọ mi, tìrẹ ni òòyà náà, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Tí o bá ní kí n fi ránṣẹ́, màá fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá lè gbà, jẹ́ kó gbó sí orí ìyá rẹ, bí kò tiẹ̀ ní kù fún ọ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Bí o ṣe ń tún orí olórí ṣe, kí tìrẹ náà máa sunwọ̀n sí i. Kí ọwọ́ rẹ má rọ, kí àwọn ọmọ rẹ gbó, kí wọ́n tọ́.

Èmi ni bàbá rẹ alágídí tó fẹ́ràn rẹ,
Dókítà Òòyà

Àfikún: Eyín kan kán lára òòyà náà láàárọ̀ yìí, kí n tó lẹ lẹ́tà yìí pa. Mo ní kó gbé e wá, kí n tún un ṣe, kí ó sì sinmi fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyá rẹ ní, "Eyín tèmi náà ti yọ méjì, ẹ ò tìtorí ẹ̀ gbé mi pamọ́." Ó fi òòyà sí irun, ó jáde.