Ìjà Ni, Kì í Ṣe Aáwọ̀

Abúlé wa, lójú ọ̀nà Ìdígní,
Ilẹ̀ Kétu.
Oṣù Karùn-ún, 1962.

Ẹ̀gbọ́n mi Gaston,

Mo kí yín o. Mo kí Huguette ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Pọbẹ̀ bó ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Kí òtútù rẹ̀ má wọ̀ yín lára. Ara Màmá le. Orúnkún wọn nìkan ló ń dùn wọ́n, wọn ò sì jẹ́ kí ìyẹn dá wọn jókòó. Èmi náà wà láàyè, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé ó dùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìròyìn tí ẹ gbọ́ ṣe. Awakọ̀ tó ń kó àgbàdo láti ibí lọ sí Pọbẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ yín fún mi lójú ọjà, níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní ẹ gbọ́ pé mo yọ àdá sí Bàbá Ọládélé, pé mo sì pe ogun lé ilé wọn lórí. Ó ní ẹ ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀, kí n jẹ obì tí wọ́n bá gbé fún mi, nítorí ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni. N kò yọ àdá sí ẹnikẹ́ni. Ọkọ́ ni mo mú lọ sóko lọ́jọ́ náà, àdá mi wà nílé. Èmi kọ́ sì ni mo dárúkọ ogun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ àsíá àwọn Faransé kalẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀ lé àwọn olóṣèlú ti ń pe gbogbo nǹkan ní ogun: ogun ìbò, ogun òṣì, ogun àìmọ̀wé. Ẹni tó sọ ọ́ fún yín ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí tí kò fi mọ ẹnu ẹni tó yẹ kó fi í sí mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ mọ oko Màmá tó bá ti Bàbá Ọládélé pààlà, ibi tí bàbá wa àti òun jọ gbin pèrègún sí nígbà tí a wà ní kékeré. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pe òun àti Baálẹ̀ ní “wọn”. Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú ọ̀wọ̀ náà pa mọ́ títí inú mi yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ni mo dé oko, n kò rí pèrègún kankan. Kẹ́hìndé ọmọ rẹ̀ ni mo rí, tó ń kọ ebè nínú ilẹ̀ tí Màmá ń gbin ẹ̀gẹ́ sí.

Kẹ́hìndé yìí náà ni a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fadá, tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Mo ní kó dáwọ́ dúró. Ó ní bàbá òun ló rán òun. Mo tún ní kó dáwọ́ dúró. Ó ní bí mo bá ní ẹjọ́, kí n lọ rò ó fún bàbá òun, kí n má dúró lórí ebè òun. “Ebè òun” yẹn ló bà á jẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ tú ebè náà ká, ó tì mí, mo gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan sì jáde. A ti ń yí nínú ẹrẹ̀ nígbà tí Àyìsátù, obìnrin tó ń ta epo ní àdúgbò àwọn ìmàle, dé pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Ó ju igi náà sílẹ̀, ó wọ àárín wa. Ẹ̀ṣẹ́ tí mo fẹ́ fún Kẹ́hìndé, èjìká rẹ̀ ló bà. Ó ní, “Barnabé, bó bá jẹ́ èmi lo fẹ́ lù, lù mí dáadáa, kí n lè sọ nílé pé ọkùnrin ló lù mí.” Ojú tì mí. Mo jáwọ́.

Nígbà tí ọjà kọjá, àwọn àgbà pè wá sí àgbàlá Baálẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti gbé obì sílẹ̀. Bí mo ti rí ẹní yẹn ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ ti pẹ́ ní Pọbẹ̀, bóyá ẹ ti gbàgbé bí a ti ń ṣe é níbí. Aáwọ̀, inú ilé la ti ń parí rẹ̀. A ó pa obì, àwọn tó ń bínú yóò jọ jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tó fà á. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún tọkọtaya, ó dára fún orogún. Ṣùgbọ́n ìjà, ibi tí wọ́n ti jà á la ń lọ. Oníkálukú yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ síbi tó dúró sí nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó là wọ́n yóò dúró sí àárín, àgbà yóò sì bi wọ́n pé kí ló gbé ẹsẹ̀ wọn débẹ̀.

Ẹ wá rí ìdí tí Bàbá Ọládélé fi ń pè é ní aáwọ̀ ṣáá. Bó bá jẹ́ aáwọ̀, kò sẹ́ni tí yóò dé oko. Iṣu á ta nínú ebè náà, wọ́n á wà á, wọ́n á tún gbin òmíràn, ilẹ̀ opó á sì di tiwọn láìsí ariwo. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àkọ́bí rẹ̀ wà ní Pọbẹ̀. Ta ni yóò béèrè?

Bàbá Ọládélé rẹ́rìn-ín. Ó ní ahọ́n òun eyín ń bára wọn jà, síbẹ̀ inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń gbé. Mo ní, “Bàbá, eyín ti kó jáde. Ẹ bi Kẹ́hìndé.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, Kẹ́hìndé pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó na obì sí mi, mo ní n kò jẹ. Ẹ mọ bó ti burú tó kí ọmọdé kọ obì àgbà. Àwọn àgbà ní kò sẹ́ni tí yóò wá sí ọ̀wẹ̀ oko Màmá lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tí yóò kí wa lójú ọ̀nà. Màmá jókòó tì mí. Wọn ò bẹ̀ mí kí n jẹ ẹ́.

Ìgbà náà ni Bàbá Ọládélé na ìka sí mi: “Bí kì í bá ṣe aáwọ̀, ṣé ogun lo wá ń pè é?” Ẹ gbọ́ o. Ẹnu rẹ̀ ni ogun ti jáde. Àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri gbá a mú, wọ́n ń kígbe rẹ̀ kiri, ó sì dé ọ̀dọ̀ yín ní orúkọ mi.

Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà Abíọ́nà pẹ̀lú, ẹni tó dàgbà jù lọ ní abúlé wa. Wọ́n ń ti orí ẹní wọn bọ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀, inú sì ń bí wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ti sọ ọ́:

“Ta ló ń pe ogun níbí? Ogun lé ìyá mi kúrò ní Kétu pẹ̀lú oyún, ojú ọ̀nà ló bí mi sí, òun ni mo ṣe ń jẹ́ orúkọ tí mò ń jẹ́. Ogun ò ní àárín. Ẹni tó bá dúró sí àárín ogun, wọ́n á kó o mọ́ àwọn yòókù. Aáwọ̀ náà ò ní àárín, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn tó ń bínú jókòó sí. Ìjà ló ní àárín. Ta ló dúró sí àárín àwọn ọmọ yìí?”

Àyìsátù ní, “Èmi ni, ìyá.”

“Ìjà ni. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sóko.”

Baálẹ̀ ká ẹní. Nígbà tí a ń lọ, mo fún Ìyá àgbà ní èjìká mi, wọ́n sì sọ fún mi ibi tí àṣà yìí ti wá. Wọ́n ní àwọn tó sá dé ibí kò mọ ara wọn rí, oníkálukú ló ń wo ẹnìkejì rẹ̀ bí ẹni tí yóò tà á. Ní ọjọ́ kan àwọn méjì ń jà lórí omi òjò tó dúró sínú kòtò, obìnrin kan tí kò bá ọ̀kankan nínú wọn tan sì lọ dúró sí àárín wọn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n mọ̀ pé àwọn ti di abúlé. Wọ́n ní ẹni tó bá ń pe ìjà ní aáwọ̀ ń fi obìnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

A dé oko. Pèrègún ò sí, ebè nìkan ló lọ gbọọrọ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àyìsátù ò lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, a ti ń yí nílẹ̀ kó tó dé. Mo dúró síbi tí mo dúró sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ wá kù sí ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé. Bàbá rẹ̀ wúkọ́, ó ní, “Ọmọ mi, rántí ibi tí o dúró sí dáadáa o.” Kẹ́hìndé dúró létí oko wọn, ó ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kọjá ebè kan, ó kọjá òmíràn, ó ń bọ̀ títí ó fi dé ibi tí mo lè fi ọwọ́ kàn án. Àyìsátù wọ àárín wa.

Ìyá àgbà bi í pé, “Kí ló gbé ẹsẹ̀ rẹ débí?”

“Bàbá mi ló rán mi. Pèrègún tí mo fà tu wà nínú kòtò lẹ́yìn ahéré wa.” Ẹnu rẹ̀ ṣì wú, ọ̀rọ̀ náà ò já gaara, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n dá pèrègún padà, Màmá sì ti gbin àgbàdo sórí ebè náà. Ẹ má rò pé inú mi dùn nítorí ìyẹn. Kò sẹ́ni tó bẹ Màmá. Ọ̀wẹ̀ ò tíì wá. Nígbà tí Baálẹ̀ pàdé mi lánàá, ó ní kí n gbàgbé aáwọ̀ kékeré yẹn. Aáwọ̀ kékeré! Lẹ́yìn tí a ti gbé gbogbo ẹsẹ̀ wa dé oko. Bàbá Ọládélé sì ti lé Kẹ́hìndé jáde nílé. Orí ẹní mi ló ń sùn, ó ń gba ibi tó pọ̀ jù, ó sì ń jẹun bí ẹni tí eyín rẹ̀ pé.

Ẹ̀gbọ́n mi, aáwọ̀, kò sẹ́ni tí í gbà á fún èèyàn. Ìjà là ń gbà fúnni, òun la ṣe ń sọ pé ẹnìkan gbèjà ẹnìkan. Mo ń retí kí ẹ gbèjà Màmá, àṣé obì lẹ máa fi ẹnu awakọ̀ rán sí mi. Ó dùn mí, mo sì ní láti sọ ọ́ fún yín, nítorí ẹ̀yin ni mo ní.

Mo jókòó, mo ń ka àwọn tó dúró tì mí. Mo ka Màmá. Mo ka Ìyá àgbà Abíọ́nà. Mo ka Àyìsátù, tí èjìká rẹ̀ ṣì ń dùn ún. Ẹni tó kàn ni ẹni tí mo yọ eyín rẹ̀. Mo dẹ́kun kíkà níbẹ̀. Àyè yín ṣì wà.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ìjà yìí, ẹ bá Kẹ́hìndé wá iṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ ní Pọbẹ̀, kí ẹ sì wá fi ẹsẹ̀ yín tẹ ilẹ̀ Màmá kí àgbàdo tó gbó.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ilé yín. Àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ níwèé kò ní gbàgbé yín. Ẹnikẹ́ni tó bá bá yín jà, ẹ ò ní ṣàì rí ẹni tí yóò dúró sí àárín.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ ìyá yín,
Barnabé Ògúndìran.

Ọ̀rọ̀ kan kù: Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn mi, ó ń wo ohun tí mò ń kọ. Ó ní òun kí yín, ó sì ní kí n fi kún un pé eyín náà ti ń mì tẹ́lẹ̀. Irọ́ ló ń pa.