Àga Tó Wà Lẹ́yìn Kíláàsì

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Adékọ̀yà,
                                        Ìkòsí, Kétu,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Ìyá Tọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ṣakí? Bàbá Tọ́pẹ́ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti san? Ṣé Tọ́pẹ́ ti jáwọ́ nínú gígun igi mángòrò? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò le, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún níbí tí kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

O rántí àga tí ìwọ gan-an gbé sẹ́yìn kíláàsì nígbà tí a jọ ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ àwọn ọmọ abúlé lódìkejì. O ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ àwa tí omi yí ká, torí náà ká máa kọ́ ara wa. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí tíṣà kọ́ ohun tó le jù fún un, kí ẹnìkejì jókòó sórí àga, kó wò ó, kó ràn án lọ́wọ́. Òfin kan ṣoṣo ni o ṣe: ohun tí a bá rí láti orí àga náà, inú kíláàsì ni kó sùn sí.

Lẹ́yìn tí o lọ, Lará, tíṣà tó gba kíláàsì rẹ, ló jókòó sórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń kọ́ ìṣirò ìdá. Ó rí i pé nọ́ńbà òkè ni mò ń rò mọ́ tòkè, tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. Kò sọ nǹkan kan lójú àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n lọ ṣeré, ó gé ọsàn sórí tábìlì, ó fi ṣàlàyé fún mi títí ó fi yé mi. A jẹ ọsàn náà, a rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn bí àbúrò.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pe àwa àti àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbí ní Ìkòsí. Wọ́n ní kí a sọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Inú Lará dùn débi pé ó fò dìde kí ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì, tó lanu. Ó nawọ́ sí mi: "Ẹ wo Aunty Àpínkẹ́ wa yìí! Before, wọn ò mọ fraction rárá o. Wrong-wrong ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwa la train wọn. Now, ẹ wá wò wọ́n! That is teamwork!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe gba irú èyí síṣẹ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìtìjú bò mí, Ìyá Tọ́pẹ́.

Lará kì í ṣe ọ̀tá mi. Ó rò pé òun ń yìn mí ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí jù. Nígbà tó yé e, ó bẹ̀ mí títí, mo sì ní mo ti dárí jì í. Àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Abdulmujeeb, tíṣà wa tuntun, ti ní kí n wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì òun tẹ́lẹ̀, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré ní ìwé kíkà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ti mọ̀ ọ́n. Mò ń gbọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé mi. Kò mọ̀ ọ́n.

Lánàá, Lará wá jókòó sórí àga ní kíláàsì mi. Ìṣirò onípọ́ìntì, ìyẹn decimal, ló yẹ kí n kọ́, kò sì tíì yé mi dáadáa. Mo kọ ọ́ sójú pátákó. Mo wo Lará. Mo nù ún kúrò, mo kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀, èyí tí mo lè kọ́ lójú oorun. N kò ṣe àṣìṣe kankan. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde, Lará ní, "Aunty, ẹ ṣe dáadáa." Omi wà lójú rẹ̀, ó wà lójú tèmi náà. Ó gbé àga náà, ó dá a padà sí ọ́fíìsì.

Bá mi kí Bàbá Tọ́pẹ́, kí o sì bá mi gbá Tọ́pẹ́ mọ́ra. Bàbá tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa ṣì ń béèrè rẹ. Bí o bá ráyè wá sí Èkó, jọ̀ọ́, jẹ́ kó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Màá lọ gbé àga náà wá fúnra mi. Mo fẹ́ kọ́ ìṣirò onípọ́ìntì.

Èmi ni tìrẹ, ẹni tí o rí àṣìṣe rẹ̀ tí o kò wí síta,

Àpínkẹ́.