Àgbá Mẹ́ta Tó Ṣẹ́kù

Láti Ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Omi,

Sí Vashram ọmọ Devshi, òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ táìlì ní Morbi.

Mo kí ọ. Bí ara rẹ bá le, ó dára. Bí kò bá le, má wulẹ̀ dá mi lóhùn, nítorí n kò ní àyè. Orí àga tó ń yí bírípó ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí, fáànù méjì ń fẹ́ mi níwájú, ọ̀kan ń fẹ́ mi lẹ́yìn. Ó ti dé etígbọ̀ọ́ mi pé o fi ìṣirò èké kọ́ àbúrò rẹ obìnrin. Nítorí náà mo pàṣẹ kí o kó ìpanu gathiya kílò méjì, èyí tó ní ata dáadáa, kí o gbé e wá fún ọmọbìnrin náà kíákíá, láìjẹ ẹyọ kan lójú ọ̀nà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó gbẹ́sẹ̀ lé omi ìwẹ̀ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Ẹ má wá bàtà. Èmi ni, Jashu. Orí àpò iyọ̀ ni mo wà, kò sì sí fáànù kankan níbí àfi afẹ́fẹ́ tó ń da iyọ̀ sí mi lójú. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé èéfín iná táìlì yẹn kò tíì kó sí yín láyà? Bàbá ń kí yín. Ìyá ní kí n béèrè bóyá ẹ ń jẹun, kí n sì béèrè lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹ máa ń parọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ṣé ẹ ń jẹun?

Ẹ rántí ìdánwò iléèwé àwọn ọmọbìnrin nígboro, èyí tí wọ́n ti ń sùn síbẹ̀. Ààyè kan ṣoṣo ni wọ́n fún gbogbo ilé tó wà ní ọ̀nà tiwa, èmi ni mo sì fẹ́ ẹ. Ẹ mọ̀ pé oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ la fi ń gbé inú aṣálẹ̀ oníyọ̀ yìí lọ́dọọdún. Bí mo bá fi máa padà sábúlé, àwọn ẹgbẹ́ mi á ti ṣí ìwé kọjá ibi tí mo fi ìka sí. Ìbéèrè mẹ́wàá ni, ìṣirò onítàn ni gbogbo wọn, ẹni bá gba méje ló wọlé. Mo fi òfin tí ẹ kọ́ mi ṣe é: "Jashu, bí o bá rí 'lápapọ̀', ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Bí o bá rí 'ṣẹ́kù', yọ ọ́. Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú pẹ̀lú ìyókù." Mo ṣe bẹ́ẹ̀ láti òkè délẹ̀, mo parí ṣáájú gbogbo èèyàn, mo ń fi ẹsẹ̀ jó lábẹ́ tábìlì. Mẹ́ta ni mo gbà.

Ìbéèrè kejì ló dójú tì mí jù. Ramji kan ló fún aládùúgbò mẹ́rin ní agbọ̀n iyọ̀ márùn-ún márùn-ún, agbọ̀n méjìlá wá ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Mélòó ló ní tẹ́lẹ̀? Mo rí 'ṣẹ́kù', inú mi dùn. Mo mú méjìlá, mo yọ márùn-ún, mo tún yọ mẹ́rin. Mẹ́ta. Mo tiẹ̀ fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀ kó lè lẹ́wà. Hamirbhai, tíṣà tó ń kọ́ wa nínú àgọ́, wo ìwé mi títí, ó ní, "Jashu, Ramji yìí ní agbọ̀n mẹ́ta, ó fi ogún tọrẹ, méjìlá tún kù nílé ẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi bi í níbi tó ti ń jí wọn."

Ti ìbéèrè kẹfà kì í ṣe ẹ̀bi yín. Wọ́n kó ọgọ́rin àpò iyọ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n ní kí a pín in fún ìsọ̀ mélòó kan. Èmi kọ́kọ́ yọ àpò mẹ́rin fún èyí tí ìrì máa yọ́. Tíṣà ní, "Ta ló dárúkọ ìrì?" Mo ní, "Tíṣà, ta ló rí iyọ̀ tí kì í yọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó kọ ìdánwò kò tíì sun inú iyọ̀ rí, àti pé ẹni tí kò bá sí nínú ìtàn, kí n má máa fún un lóúnjẹ.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ìdánwò kejì wà lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ fún àwọn tó bá kùnà, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ tẹ àtàǹpàkò sí fọ́ọ̀mù. Bàbá ki fọ́ọ̀mù náà sábẹ́ agolo tíì. "Ẹni tó gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá," ó ní, "kó lọ gba igi ìwọ́yọ̀ ẹ̀." Mo gba igi mi. Mo wọ́ iyọ̀ láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn mi fi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ṣùgbọ́n mo ń wo agolo yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń mu tíì.

Ibi tí ọ̀nà ti là nìyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo wà lẹ́yìn àgọ́, mò ń ṣe Hamirbhai fún àwọn ọmọ kéékèèké: bó ṣe ń fa imú, bó ṣe ń gbé gíláàsì ojú ẹ̀ sókè bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá dákẹ́ lójijì. Ẹ ti mọ ẹni tó dúró lẹ́yìn mi. Mo ti di etí mi mú de ìfọ́tí. Ó ní, "Ó dáa, o ti ṣe mí. Wá ṣe Ramji."

Mo ṣe Ramji, mo fún un ní ohùn ẹni tó sanra. Aládùúgbò àkọ́kọ́ dé: "Ramjibhai, tèmi dà?" Ó gba márùn-ún. Èkejì, opó kan tó ń kùn, gba márùn-ún. Adití ni ẹ̀kẹta, mo pariwo títí ọ̀fun mi fi há. Ẹ̀kẹrin náà gba tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ramji wo méjìlá tó kù nílẹ̀, ó ké tẹ̀ lé wọn pé, "Ẹ dá wọn padà ná, kí n mọ iye tí mo ní!" Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi là. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ogún. Wọ́n dá a padà sórí méjìlá, méjìlélọ́gbọ̀n. Òfin yín ń wo ẹnu ìbéèrè nìkan. Ọwọ́ àwọn èèyàn inú ẹ̀ ló yẹ kí a máa wò. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má tún kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn. Láti ìgbà tí a ti dé lọ́dún yìí, omi tánkà kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé tiwa ló gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà, ìkẹtàdínlógún. Ọ̀sẹ̀ lọ ọ̀sẹ̀ bọ̀, Ìyá á gbé ìkòkò, á máa tọrọ omi láti ilé dé ilé. Kò fọ irun ẹ̀ láti ọjọ́ wo! Bàbá ní Jusab tó ń wa tánkà ló ń ta omi wa lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́rú ó gbé igi ìwọ́yọ̀, ó dúró dè é. Jusab sọ̀ kalẹ̀, òun náà kò gbà. "Ta ni mo tà á fún, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ aṣálẹ̀? Tánkà ti gbẹ! Ṣé kí n tutọ́ sínú àgbá yín ni?" Bàbá ní, "Olè!" Jusab ní, "Ẹ tún un pè!" Igi ti lọ sókè.

Mo bọ́ sáàárín wọn. Mo bi Jusab pé àgbá mélòó ni tánkà ń kún. Ó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìrìn méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n kọ fún òun. Ilé kọ̀ọ̀kan ń gba mẹ́ta, àgọ́ iléèwé ń gba méjì. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi mẹ́tàdínlógún pín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kìkì nítorí pé àwọn ló tóbi jù lójú mi. Mo kó ara mi níjàánu: Jashu, ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Mo di Jusab, mo wa tánkà mi. Hamirbhai fa imú, ó gba méjì. Ìyá Kunvar tó ń fi imú sọ̀rọ̀ gba mẹ́ta, ó ní kò kún. Mo ṣe ilé kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Bàbá fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè pa á mọ́. Mo padà lọ bu ìrìn kejì. Nígbà tí mo dé ilé kẹrìndínlógún, ilé Bhikhu tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó wúkọ́, ó gba mẹ́ta. Mo wa tánkà dé iwájú Bàbá, mo gbé páìpù, mo ṣe bí páìpù ṣe ń ṣe bí inú ẹ̀ bá ṣófo. Ẹ̀rín tán.

Mo ní, "Bàbá, kò sólè. Ilé mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́ta, mọ́kànléláàádọ́ta. Ẹ fi méjì ti àgọ́ kún un. Ẹ wá fi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pín in: ẹ̀ẹ̀mejì, mẹ́ta ṣẹ́kù. Àwa ni mẹ́ta yẹn."

Bàbá jókòó. Ó ṣa òkúta iyọ̀ mẹ́tàléláàádọ́ta, ó tò ó fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́ta sì ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀mejì. Kò bẹ̀bẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó da tíì tiẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ, ó tì í síwájú Jusab, ó ní, "Mu ún kó tó tutù." Jusab mu ún.

Jusab ní kí a pe ọ́fíìsì tó ń pín omi. Mo ti ń tún ọ̀fun ṣe kí n lè di Ọ̀gá Àgbà, ẹ ti gbọ́ ohùn yẹn lókè ìwé yìí. Bàbá di ọwọ́ mi mú. "Bí o bá fi ohùn ọ̀gá sọ ọ́, ọ̀gá ló máa gba omi. Fi ohùn ẹ sọ ọ́." Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn èmi gan-an! N kò rántí ibi tí mo fi í sí. Ó kọ́kọ́ jáde tín-ínrín bíi ti ọmọ ewúrẹ́. Akọ̀wé fetí sí mi, ó ní, "Ìṣirò wa pé. Ìrìn méjì, mẹ́ta ṣẹ́kù. A kì í rán odidi tánkà nítorí àgbá mẹ́ta." Mo ní, "Saheb, ṣé ẹ mọ orúkọ tí mẹ́ta yẹn ń jẹ́? Bàbá mi ń jẹ́ Devshi. Ìyá mi wà nínú ẹ̀. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìrìn mẹ́ta ni, kì í ṣe méjì." Mo gbọ́ tí bírò ń họ ìwé. Ó wá ní, "Kíláàsì wo lo wà?" Mo ní, "Ẹ tún bi mí lẹ́yìn ọjọ́ Ajé."

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Bàbá ti gbé agolo tíì kúrò. Ó tẹ àtàǹpàkò ẹ̀ sí fọ́ọ̀mù. Iyọ̀ ti la ìka náà débi pé ìgbà kẹta ni tàdáwà tó mú. Kò sọ ju pé, "Ta ni yóò bá mi wọ́ iyọ̀?"

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí. Igi ìwọ́yọ̀ mẹ́ta ló wà nílé. Ẹ̀yin lọ, èmi náà ń lọ. Mo mọ̀ pé àyọkúrò ni, n kò sì fẹ́ kó parí síbẹ̀. Ẹ tọrọ àyè ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ ọ̀gá yín nígbà ìkórè iyọ̀, kí ẹ wá dúró ti Bàbá. Ní tèmi, méje ni wọ́n ń béèrè lọ́jọ́ Ajé. Mẹ́wàá ni mò ń lọ gbà. Bí mo bá sì rí Ramji níbẹ̀, mo ti mọ ohùn ẹ̀.

Kí iná má jó yín, kí ẹrù má wó lù yín, kí ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ má ṣe gbẹ. Ilé yìí kò ní fi yín ṣe ìṣẹ́kù.

Èmi ni àbúrò yín, tí kì í ṣe Ọ̀gá ẹnikẹ́ni,

Jashu.

Mo gbàgbé: Jusab fúnra ẹ̀ ló máa mú lẹ́tà yìí dé ọwọ́ yín, ó fẹ́ lọ tún táyà ṣe ní Morbi. Ó ti ń fọn fèrè pé kí n yára. Ìyá ń fọ irun ẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń kọrin, kò bìkítà ẹni tó ń gbọ́. Ẹ fún Jusab ní tíì, kí ẹ bi í pé ìrìn omi mélòó ló rìn lọ́sẹ̀ yìí.